Béèrè Ẹni Tí Kò Wá Sípàdé Mọ́

Ilé wa, Ọ̀fà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rúkáyà ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí ọ kú ilé tuntun ní Òjòkú. Bàbá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé kí o ra bàtà òjò, nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ibẹ̀ kò mọ òṣìṣẹ́ ìjọba yàtọ̀. Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ mọ ìyókù.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, o ní wọ́n fi ọ́ sí ẹ̀ka tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ ìlú ṣiṣẹ́, àti pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé ọ lọ́wọ́ ni bí àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe lè máa gba àwọn tí àìsàn ìgbàgbé ń ṣe mọ́ra. O béèrè ibi tí ó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gé wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gé aṣọ tí ọkàn mi kò sí nídìí rẹ̀. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣe é tì, mo sì ti ṣe é yẹ. Jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o fi pamọ́.

Èsì ìbéèrè rẹ ni kí n kọ́kọ́ fún ọ kí n tó sọ ìtàn. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníṣu, ìbáà ṣe àwọn obìnrin àsàlátù, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, má fi orúkọ àìsàn bẹ̀rẹ̀. Má kó ìwé ńlá síwájú wọn. Jókòó tì wọ́n, kí wọn, jẹ́ kí wọ́n parí ohun tí wọ́n ń ṣe, kí o wá béèrè ìbéèrè kan péré: “Ta ló máa ń wá tẹ́lẹ̀ tí kò wá mọ́?” Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ àwọn tó ti kú, àti àwọn tó kó lọ sí Ìlọrin. Máa dúró. Ẹnì kan yóò rọra sọ pé, “Bàbá Lágbájá náà wà ńlé o, ṣùgbọ́n...” Ibi “ṣùgbọ́n” yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ aránṣọ tiwa náà ní “ṣùgbọ́n” kan nígbà kan. Èmi ni mo fà á.

Àṣìṣe mi nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ mi rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ìyá bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, iyè rẹ̀ sì ti ń rá. Wọ́n ní ó ń ṣarán, ọ̀rọ̀ parí. Ó ti bí ọmọbìnrin kan rí tó ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́, tó kú kí wọ́n tó bí mi. Àwa ọmọdé ti mọ̀ pé bí mo bá wọlé tí mo ní, “Èmi Àmọ̀kẹ́ rèé o,” inú màmá á dùn, á fà mí mọ́ra, á máa béèrè ibi tí mo wà láti ọjọ́ yìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn á máa fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, màmá ní kí n dúró. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn, ó gbé e síwájú mi, ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní mo ti rù jù níbi tí mo lọ. Mo jẹ ẹ́ tán, Rúkáyà. Mo jẹ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ tó ti kú mọ́ ọn lójú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iyè ló ń rá, inú kì í rá. Ẹni tí kò rántí orúkọ rẹ mọ́ ṣì mọ ìgbà tí wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ràn òun, ó sì mọ ìgbà tí òun jẹ́ ìdíwọ́. Ohun tí mo mọ̀ yìí kò dá mi dúró kí n má ṣe àṣìṣe kejì, torí pé ìkejì wọ aṣọ ọ̀wọ̀ wá bá mi.

O mọ ọ̀gá mi, Alájà Sẹ̀lìátù, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ mọ̀ ọ́n, agbára rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ rírán. Bí oníbàárà bá ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, Alájà á ti mọ ìwọ̀n àyà rẹ̀ àti gígùn apá rẹ̀ kí ó tó na ọwọ́ sí téèpù. Ìṣẹ́tí ló fi máa ń mọ iṣẹ́ tó dára. Á yí etí bùbá padà, á fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ojú abẹ́rẹ́ kò bá sì dọ́gba, wàá tú gbogbo rẹ̀. Ẹkún tí mo sun nídìí ìṣẹ́tí pọ̀ ju èyí tí mo sun nígbà tí mo ń rọbí rẹ lọ. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló dá ẹgbẹ́ aránṣọ wa sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà pákó kan nítòsí Stéṣọ̀n réluwé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìpàdé, kí kálukú tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n wó àtíbàbà náà, a kó lọ sí ọgbà ilé alága wa, ibẹ̀ la sì wà dòní.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe wá ní kàyéfì ni bùbá oníbàárà kan tí Alájà gé, tó jẹ́ apá òsì méjì ló wà lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́ta, mẹ́rin, láàrin ìpàdé kan. Bí a bá ti parí ọ̀rọ̀ kan, á tún gbé e dìde láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo aago. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà, mo fẹ́ kí ìpàdé máa yá, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ iṣẹ́ mi.

Èmi ni mo dábàá pé kí á kọ lẹ́tà sí i. Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo ní ẹgbẹ́ mọ rírì iṣẹ́ takuntakun tí ìyá wa ti ṣe, a sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ fún un ní ìsinmi kúrò nínú wàhálà ìpàdé, àwa ni a ó máa wá kí i nílé. A gbé ìrẹsì àti aṣọ lọ. Mo ka lẹ́tà náà sí i létí. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúà fún wa, a jẹun, a ya fọ́tò, a sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. N kò mọ̀ pé akọ pẹ̀lẹ́ ni mo gbé lọ bá ọ̀gá mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọmọ mi, a kò padà lọ kí i. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, méjì di oṣù. Kálukú rò pé àwọn yòókù ń lọ.

Ọmọ Alájà, Mùnírátù, tó ń tajà ní iwájú ilé wọn, ló ń tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Alájà á wẹ̀, á wọ aṣọ, á gbé báàgì kọ́ apá, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Á ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá mú òun. Bí ó bá di ọ̀sán, á bọ́ aṣọ, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò rántí lẹ́tà wa, ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Ajé kan, a wà ní ìpàdé nígbà tí Mùnírátù sáré wọlé láìwọ bàtà. Ó ní òun lọ sẹ́yìnkùlé lọ sá aṣọ ni, nígbà tí òun fi máa padà, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, màmá kò sí níbẹ̀. A tú ká. Àwọn kan gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Ìjàgbó, àwọn kan gba ọ̀nà ọjà. Ìyá Dáre, tí máṣínì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi láti ọjọ́ pípẹ́, gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé. Èmi dúró díẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ni ó wà lọ́kàn obìnrin yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní kó gbé mi lọ sí Stéṣọ̀n.

Ibẹ̀ ni mo ti bá a. Níbi tí àtíbàbà wa wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ gbalasa ni, obìnrin kan tó ń ta omi tútù ti fún un ní bẹ́ǹṣì kékeré. Ó jókòó gán-ín, báàgì lórí itan. Ó dá mi mọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ní, “Sàfú, o pẹ́. Àwọn yòókù ńkọ́?”

Mo sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo ní, “Alájà, a kì í ṣèpàdé níbí mọ́. Ẹ wò ó, wọ́n ti wó ibẹ̀.” Ó yí ojú wo ọ̀tún, ó wo òsì. Rúkáyà, n kò ní gbàgbé ojú yẹn. Bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ó di báàgì rẹ̀ mú mọ́ àyà. Òtítọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò ṣe é láǹfààní kankan.

Mo jókòó tì í. Mo ní, “Wọ́n ń bọ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká máa retí wọn.” Mo wá pe àwọn tó ń wá a lórí fóònù, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Stéṣọ̀n, kí wọ́n má ṣe pariwo, kí wọ́n sì jókòó bí ẹni tó wá sípàdé. Alága wá. Ìyá Dáre wá. Àwọn mẹ́ta mìíràn tún wá, Mùnírátù náà sì dé. Obìnrin olómi náà wá pákó méjì tí a tẹ́ sílẹ̀. Alájà kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá wọn wí pé wọ́n pẹ́, ó sì ní kí á ṣí ìpàdé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àdúà. Ó ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ọ̀rọ̀ kan, ó wá fi Yorùbá tọrọ oníbàárà rere fún wa, ojú tí kò ní fọ́, abẹ́rẹ́ tí kò ní gún wa lọ́wọ́. Ìyá Dáre ló ṣe àmín tó ròkè jù. Lẹ́yìn náà ni Alájà mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.” Ó fún mi lọ́wọ́ kí n fà á dìde.

Nígbà tí a mú un délé, Mùnírátù bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ìyá Rúkáyà, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn màmá mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsinmi lẹ fún wọn. Ẹ lé wọn ni.”

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dìde nínú ìpàdé, mo ní lẹ́tà tí mo kọ lórúkọ ẹgbẹ́, mo fẹ́ gbà á padà. Má rò pé gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan béèrè pé bí ó bá ṣubú lọ́dọ̀ wa ńkọ́. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ayé ni, kí á má fà á mọ́ra wa. Alága wa, tí kì í fẹ́ ariwo, ní kí a ṣì sinmi ẹnu ná, ó sì lọ bẹ nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn kó wá bá wa sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe èpè, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ràn. Ó ní kì í ṣe gbogbo àgbà tó bá gbàgbé nǹkan ló ní in, nígbà mìíràn àìsàn mìíràn tó ṣeé wò ló fà á, nítorí náà kí á tètè máa gbé èèyàn lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó sọ kẹ́yìn ló wọ̀ wá lára jù. Ó ní, “Àìsàn yìí kò ní kí èèyàn má nílò ẹgbẹ́. Ìgbà yìí gan-an ló nílò rẹ̀.” Wá irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ní Òjòkú. Kí ó jẹ́ ẹni tó ń sọ èdè àwọn èèyàn.

Ó dáa, kí n wá to ohun tí a ṣe sílẹ̀ fún ọ. Bí o bá rí èyí tó wúlò, mú un.

Èkíní, a máa ń lọ mú Alájà nílé. Àwa méjì-méjì là ń pín in ṣe. Má gbà kí ẹgbẹ́ kankan sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn àwọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Èkejì, ìjókòó kan náà ni, lọ́wọ́ ọ̀tún alága, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí a bá ti dé, kálukú á dárúkọ ara rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ mà, èmi Ìyá Dáre ni.” A pa “Ṣé ẹ rántí mi?” rẹ́ pátápátá. Ìdánwò ni ìbéèrè yẹn, ta ló ń fi ìdánwò kí àgbà káàárọ̀?

Ẹ̀kẹta, a gé ìpàdé kúrú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì ń pa jẹnẹrétọ̀. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé gbogbo wa ló gbádùn ìyẹn. Wákàtí méjì tí a fi ń jà tẹ́lẹ̀ di ìṣẹ́jú ogójì.

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣófo, ìyẹn tún ṣe pàtàkì. Kò lè gé aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n ó lè to bọ́tìnì ní àwọ̀-àwọ̀, ó lè ká òwú. Kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a máa lò lóòótọ́. Nígbà kan tí mo tú bọ́tìnì tó ti tò tán sínú abọ́ kí ó lè tún un tò, ó wò mí, ó ní, “Ṣé ọmọdé ni mí ni?” Ojú tì mí. N kò dán an wò mọ́.

A bá alága àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, pé bí màmá bá dá nìkan wọ kẹ̀kẹ́, kí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tó bá jẹ́ ti aránṣọ. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òun àti ọmọ rẹ̀, mo fi òwú kọ nọ́ńbà Mùnírátù sí abẹ́ ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀, nínú, níbi tí ojú ẹni tó ń kọjá kò ní dé. O lè máa dáàbò bo èèyàn láìjẹ́ pé o fi í hàn fún ayé.

Má sì gbàgbé ẹni tó ń tọ́jú. Èyí ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń fò. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí Alájà padà sọ́dọ̀ wa, Mùnírátù lọ di irun. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí òun ti jókòó fún onídìrí kẹ́yìn. Nígbà tó wá mú ìyá rẹ̀, Alájà wo irun náà títí, ó ní, “Ọmọbìnrin yìí mà rẹwà o. Ọmọ ta ni?” Mùnírátù rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ yín ni, mà.” Mo rí i pé ó nu ojú rẹ̀ kí ó tó fà á lọ́wọ́ lọ.

Bóyá o ti ń rò pé gbogbo rẹ̀ dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Alájà wá àlùmọ́gàjí rẹ̀ tì, ó sì nàka sí Ìyá Dáre níwájú gbogbo èèyàn pé òun ló jí i. Ìyá Dáre, tó jẹ́ pé ó wá a dé mọ́ṣáláṣí lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́sí! Obìnrin náà dìde, ó kó ẹrù rẹ̀. Èmi náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá Alájà jiyàn pé Ìyá Dáre kì í ṣe olè, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni inú rẹ̀ túbọ̀ ń ru. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìyá Dáre kò fi wá. Mo lọ bá a nílé. N kò sọ fún un pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Mo ní mo mọ̀ pé ó dùn ún, ó sì yẹ kó dùn ún. Ó sọkún, ó ní bí ẹni tí òun ń fà lọ́wọ́ láràárọ̀ Ajé bá lè pe òun lólè, kí ni òun ń fà á lọ́wọ́ fún? Mo ní n kò mọ̀. Mo jókòó tì í títí ẹkún fi tán. Ní ọjọ́ Ajé kẹta, ó wá. Nígbà tí Alájà tún béèrè àlùmọ́gàjí, Ìyá Dáre ló dá a lóhùn. Ó ní, “Nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù, mà. Ẹ jẹ́ ká jọ wá a.” Àwọn méjèèjì jọ ń gbé àga, wọ́n jọ ń wo abẹ́ tábìlì. Wọn kò rí i, Alájà sì gbàgbé ohun tí wọ́n ń wá, ó di ọwọ́ Ìyá Dáre mú títí ìpàdé fi tán. Ọgbọ́n yẹn kò ti ọ̀dọ̀ mi wá, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló rí i.

Àwọn kan wà tí a kò rí ọ̀nà tiwọn. Bàbá kan wà ládùúgbò wa, tó ń rán agbádá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ nítorí ìtìjú. Mo fi ìbínú lọ bá wọn, mo bú wọn, wọn kò sì jẹ́ kí a rí bàbá náà mọ́. Bí mo bá mọ̀ nígbà náà, ǹ bá ti kí àwọn ọmọ náà kú wàhálà kí n tó béèrè bàbá wọn. Kọ́ ọ lára mi. Ẹni tó ń tijú, ẹ̀rù ló ń bà á. Máa kí wọn, máa padà lọ, má jà.

Alájà wá sípàdé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn kí ó tó jáde láyé, kò mọ̀ mí mọ́, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fà mí ní bùbá, ó yí etí rẹ̀ padà, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, “Ta ló rán èyí?”

Mo ní, “Èmi ni, mà.”

“Ó dára. Ta ló kọ́ ọ?”

“Ẹ̀yin ni.”

Ó mi orí, bí ẹni pé kò yà á lẹ́nu. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

O lè máa béèrè pé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣé ohun tí a ń ṣe kò tutù? Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá fún ọ, nítorí òun gan-an ló mú mi gbé bírò. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń jẹ́ Bàbá Ìsíákà, tó ń rán kafutáànì, tó máa ń ti Ìjàgbó gun ọ̀kadà wá. Kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Nígbà tí alága béèrè bóyá ẹnì kan tún ní ohun tó fẹ́ sọ, ó dìde, ó ṣí fìlà.

Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣìnà bọ̀ wá síbí nínú oṣù yìí. Ìyàwó mi kò tíì mọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín.”

Kò sí ẹni tó mí kanlẹ̀, kò sí ẹni tó wo aago. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ní ọjọ́rú òun yóò bá a délé lọ bá ìyàwó rẹ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sílé ìwòsàn. Ìyá Dáre béèrè aago tó máa ń kúrò nílé, ó ní àbúrò òun ń gbé kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Ajé. Bàbá Ìsíákà ní aago mẹ́jọ. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jókòó, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí o bá àwọn ará Òjòkú kọ́, ọmọ mi, èyí tí èèyàn lè dìde nínú rẹ̀, kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kí ó sì padà jókòó sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Yóò ṣeé ṣe. Bí ó bá ṣeé ṣe fún àwa tí a kọ lẹ́tà lé ìyá wa lọ, kò sí ẹgbẹ́ tí kò lè kọ́ ọ.

Ọlọ́run á fi ojúure àwọn àgbà ibẹ̀ bò ọ́. Jẹun kí o tó jáde láàárọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Sàfúrátù.